Ẹ Fún Wọn Ní Koríko Kí Ẹ Tó Béèrè Bíríkì

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, mo gbé ìyá ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní àdúgbò wa níbí ní Amúkòkò. Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń bá wọn tọ́jú níbẹ̀, kì í ṣe ikọ́. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó fi sùúrù wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ wọn lápá. Ṣùgbọ́n bó ti ń ṣe é ló ń wúkọ́. Ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wúkọ́ sí èjìká, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìbòmú rẹ̀ wà lọ́rùn, ó ti dọ̀tí, okùn rẹ̀ kan ti já, ó sì ti ta á ní kókó.

Mo ní, "Antí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ò lè fi nǹkan yẹn bo imú ni?" Ojú tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹyọ kan ni wọ́n fún wa láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Jímọ̀ la sì wà yìí. Bí mo bá fi bo imú, mi ò ní lè mí dáadáa." Mo wá bi í pé kí ló dé tí kò dúró sílé kí ara rẹ̀ fi yá. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ayọ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí mi ò bá wá, wọ́n á yọ owó ọjọ́ yẹn. Mo sì ní ọmọ méjì nílé."

Ní ọjọ́ kẹrin, ikọ́ dé bá màmá. Ó dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò lè búra pé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ti kó o. Ní ilé tí ìdílé mẹ́wàá ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ta ló lè mọ ibi tí ikọ́ gbà wọlé? Ṣùgbọ́n inú bí mi sí ọmọbìnrin náà fún ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà tí inú mi rọ̀ ni mo tó bi ara mi léèrè pé: ta gan-an ló yẹ kí n bínú sí?

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bá wà, kó sì bo imú àti ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Mo tilẹ̀ gbà pé a lè fi òfin dè é. Ṣùgbọ́n òfin tó bá kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ lọ́rùn mú, tó sì fi ẹni tó ni ọsibítù àti ìjọba sílẹ̀, òfin Fáráò ni. Ẹ rántí pé Fáráò kò fẹ́ kí iye bíríkì àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dín, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fún wọn ní koríko tí wọn yóò fi mọ ọ́n. Bíríkì kò jẹ́ kó sùn, koríko kò sì kàn án.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn lásán ni ẹ wá sọ di ọ̀rọ̀ tó báyìí?" Ẹ gbọ́ ná. Àrùn gágá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fúlù, kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé láàárín 290,000 sí 650,000 ènìyàn ni ó ń ti ipa ìdènà èémí pa kárí ayé lọ́dọọdún. Àwọn arúgbó, àwọn aboyún, àwọn ọmọ ọwọ́, àti àwọn tó ní àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ efée ni ó máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù. Ẹ sì wò ó, àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìlera fi yàtọ̀ sí aláta ní ọjà Boundary. Bí aláta bá ń wúkọ́, àwọn tí ara wọn le ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń dúró níwájú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń wúkọ́, àwọn tí ara wọn kò lágbára ló yí i ká láti àárọ̀ di alẹ́.

Àrùn yìí tún ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan. Ẹni tó bá kó o lè máa tàn án kálẹ̀ láti nǹkan bí ọjọ́ kan ṣáájú kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ara òun kò yá. Nítorí náà, pé nọ́ọ̀sì kò wúkọ́ kò fi gbogbo ara túmọ̀ sí pé ewu kò sí. Kòkòrò àrùn náà sì ń pa àwọ̀ dà lọ́dọọdún bí ọ̀gà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti yan irú èyí tí abẹ́rẹ́ yóò dojú kọ, tí a sì fi ní láti máa gbà á lọ́dọọdún. Ní ọdún tí abẹ́rẹ́ bá bá kòkòrò náà mu dáadáa, ó máa ń dín iye àwọn tí àìsàn náà yóò gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn kì í ṣe odi Jẹ́ríkò. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dá gbogbo ewu dúró, nítorí náà ni ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀ àti fèrèsé ṣíṣí fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní bí ìhòòhò bá ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹni tí yóò dáàbò bo aláìsàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ààbò tó wà lára òun fúnra rẹ̀.

Àwa onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí àrùn gágá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Gold Coast bọ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, gbé e wọ èbúté Èkó. Láti ibẹ̀ ló ti bá ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀ Yorùbá lọ títí dé Òkè Ọya. Àwọn baba wa pè é ní lúkúlúkú, orúkọ àrùn tó ń pa adìyẹ. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló kú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ St. Saviour's, àwọn bí J. B. Ṣadárè àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n sọ ara wọn. Nígbà tó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, ara ìdí tí ìyapa náà fi wáyé sì ni pé wọ́n kọ oògùn sílẹ̀, wọ́n gbára lé àdúrà nìkan. Inú gbòǹgbò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ aládùúrà ti hù jáde, ìjọ Kristi Àpọ́sítélì sì wà lára wọn.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ará kan máa ń sọ fún mi pé, "Àdúrà ni àwọn baba wa fi ṣẹ́gun lúkúlúkú, wọn kò gba abẹ́rẹ́." Òótọ́ ni pé wọn kò gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí abẹ́rẹ́ kankan nígbà náà. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ tó rí kòkòrò àrùn gágá mú lára ènìyàn. Nǹkan bí 1945 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó di ohun tí a ń fún gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Oògùn tó wà nílẹ̀ ní 1918 kò lágbára lórí àrùn náà, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá ń kú. Àwọn baba wa lo ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ wọn nígbà náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa lónìí ju ìyẹn lọ, ìjíhìn wa yóò sì ju tiwọn lọ. Ẹni tó bá ń gbàdúrà fún aláìsàn ní alẹ́, tó sì ń wúkọ́ sí i lójú ní àárọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi ọwọ́ kejì wó o.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú tiwa gan-an níhìn-ín ní Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arákùnrin ará Làìbéríà kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọ́báléndé. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí Herbert Macaulay jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀, ló fura sí àrùn náà, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn yìí kò ní jáde lọ láàárín ìlú. Nítorí ìdúró yẹn, 20 ènìyàn péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Gbogbo wa la yìn wọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la rí kọ́? Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Kòrónà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2020, àjọ NCDC sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 800 ló ti kó àrùn náà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn kan náà, àwọn dókítà tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ NARD da iṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò. Bẹ́ẹ̀, owó ewu iṣẹ́ tí dókítà ìjọba àpapọ̀ ń gbà nígbà náà jẹ́ 5,000 náírà lóṣù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà láti dojú kọ ikú! Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú wọn pé wọn kò láàánú. Ẹ dákun, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbòmú kí òun má bàa kó àrùn ran aláìsàn, ṣé òun ni kò láàánú, àbí ẹni tó kọ̀ láti rà á?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3.9. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ìyẹn sì dára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́, tàbí èsì àyẹ̀wò láàárín wákàtí 72 tó fi hàn pé kò ní àrùn náà, kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì. Nígbà tí àṣẹ yìí jáde, àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ náà pé ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Àṣẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bóyá ẹ ó sọ pé ti Nàìjíríà nìyẹn, kí a lọ wo ibi tí nǹkan ti tò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa níbí ló ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2005 tí ọsibítù Virginia Mason ní ìlú Seattle ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọsibítù ló sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ gba abẹ́rẹ́ fúlù lọ́dọọdún. Ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ṣe òfin kan ní 2013 pé òṣìṣẹ́ tí kò bá gbà á gbọ́dọ̀ bo imú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò fúlù níbi tí aláìsàn bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sábà ń gbé abẹ́rẹ́ náà wá bá òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Kánádà, àwọn nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ Ontario gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn onílàjà tí òfin iṣẹ́ yàn. Ní 2015, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2018, ìdájọ́ gbe àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn adájọ́ náà rí i pé ẹ̀rí kò tó láti fi ìbòmú dá kìkì àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ mọ̀, nígbà tí abẹ́rẹ́ náà kì í dáàbò bo àwọn tó gbà á tán pátápátá. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe sọ ìbòmú di àmì ìtìjú. Bí ó bá di àkókò tí ìbòmú yẹ, kí dókítà àgbà bo imú, kí nọ́ọ̀sì bo imú, kí agbálẹ̀ náà bo imú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́ Kòrónà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn arúgbó wà, àwọn tí yóò wẹ̀ fún wọn kò sí. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2022, ìjọba náà fúnra rẹ̀ fagi lé òfin yẹn. Ẹ wo bí ìjọba tó ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe rí i pé ipá nìkan kò tó. Mélòó-mélòó ni àwa tí a kò tíì ní abẹ́rẹ́ fúlù nínú àwọn èyí tí ìjọba wa ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ níhìn-ín, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òfin tiwa gan-an mọ ẹni tí ẹrù yìí wà ní orí rẹ̀. Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní 2014, sọ pé olórí ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ ṣètò tí òṣìṣẹ́ kò fi ní fara pa, tí àrùn kò sì ní máa ràn níbẹ̀. Òfin Ìsanwó Gbà-máà-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìjọba tó ń jẹ́ NSITF, kí ẹni tó bá ti ẹnu iṣẹ́ kó àìsàn lè rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ́gílíárì nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa ló gbọ́ ọ rí?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Òfin Mósè rí. Ó ní ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má bàa wà lórí ilé rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé òfin yẹn kò kọ́kọ́ bá àlejò wí pé kó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílé ló bá wí.

N kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa wá àwáwí. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò tún sá. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìbẹ̀rù wọn ní ibi tó ti wá. Ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára ọmọ, nínú nǹkan bí 200 tó wà nínú ìdánwò náà. Mọ́kànlá kú, àwọn kan nínú èyí tó kù sì di aláàbọ̀ ara. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn òun, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ òun àti ìjọba Kánò lè parí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tó ń wo irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sàn ni kí a jókòó tì í, kí a ṣàlàyé fún un ní èdè rẹ̀, kí a sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ láìjágbe mọ́ ọn. Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ fúlù tí a ń gún sí apá kì í ṣe alààyè, kò lè dá àìsàn fúlù sílẹ̀. Ọwọ́ lè dunni, ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ má purọ́ pé kò ní dùn ún rárá.

Kí wá ni kí a ṣe? Èrò tèmi nìyí.

Èkíní, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ìbòmú, ìbọ̀wọ́, omi àti ọṣẹ sí ara ohun tí àjọ HEFAMAA gbọ́dọ̀ fojú rí kó tó fọwọ́ sí ilé ìwòsàn aládàáni kankan, kí wọ́n sì máa bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè nígbà tí ọ̀gá kò bá sí nítòsí. Kí ìjọba sì ra abẹ́rẹ́ fúlù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, bí kò tilẹ̀ tíì lè ra ti gbogbo ìlú.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé owó òṣìṣẹ́ ìlera tó dúró sílé nítorí ikọ́ àti ibà. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èyí ni ó rọrùn jù, òun náà ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ebi yóò pa ọmọ rẹ̀ bó bá sinmi kò ní sinmi, ì báà jẹ́ pé ìbòmú mẹ́wàá ló fi bo imú.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí a bá ti pèsè gbogbo èyí, kí òfin wá mú òṣìṣẹ́. Kí ìbòmú jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tó bá wà níbi tí aláìsàn tó ń wúkọ́ wà, àti nígbà tí àjàkálẹ̀ bá ń jà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn tí kò ní gbé e sún mọ́ àwọn tí ara wọn kò le. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ tó sì kọ̀ láìnídìí, ìgbà náà ni kí a tó bá a wí.

Ẹ̀kẹrin kàn wá, àwa tí à ń lọ gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn tí ara màmá yá, èmi àti alàgbà méjì lọ rí ọkùnrin tó ni ilé ìwòsàn yẹn. A kò lọ bá a jà. Ó tẹ́tí sí wa, ó sì ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ hàn wá, ojúewé lórí ojúewé, àwọn tó gbàtọ́jú tí wọn kò padà wá sanwó. Mo wò ó títí, mo rí orúkọ tèmi níbẹ̀. Owó ìtọ́jú ọmọ mi kan ni, ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi wọhò. Ìbòmú tí mo ń bínú pé nọ́ọ̀sì kò ní, ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ wà nínú àpò mi. Mo san án ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà sì ṣèlérí ohun méjì: òun yóò máa ra páálí ìbòmú lóṣooṣù, òun kò sì ní gé owó ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi ṣàìsàn. Ní ti abẹ́rẹ́, ó ní agbára òun kò tíì gbé e. A kò gba gbogbo ohun tí a fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé màmá padà lọ, nọ́ọ̀sì yẹn ní ìbòmú funfun nigín-nigín lójú.

Ìkarùn-ún, ìjọ àti ìdàpọ̀ wa náà ní ipa tiwọn. Ará Samáríà inú ìtàn Olúwa wa kò kàn pàṣẹ fún onílé èrò pé kó tọ́jú ọkùnrin tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́. Ó fi owó sílẹ̀, ó sì ní bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà. Láti Mosafẹ́jọ́ dé Cemetery Road, kò sí ìjọ tí kò ní nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí tàbí agbálẹ̀ ọsibítù kan ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń bo imú níbi iṣẹ́. Bí ìjọ bá lè dáwó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, ó lè dáwó gba abẹ́rẹ́ fún mẹ́ta nínú wọn lọ́dún.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tí ìbòmú rẹ̀ ti gbó, ẹ má ṣe yára bú u. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé koríko dà. Bí ẹ bá sì jẹ ọ̀gá náà lówó, ẹ san án kí ẹ tó béèrè.

Kí Olúwa pa àwọn tó ń tọ́jú wa mọ́. Àmín.